Ààlà Oko Kòkó: Ìtàn Ìran Mẹ́ta Àwọn Àgbẹ̀ Mossi ní Ilẹ̀ Côte d'Ivoire

Àwọn baba wa a máa wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí ní ilé lè rò pé ìjà àárín ẹbí nìkan ni a fi ń parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ìlú Abidjan, tí ó sì fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ń ti inú igbó kòkó bọ̀, yóò mọ̀ pé òwe náà jinlẹ̀ ju bí a ti ń pa á lọ. Bí baba àti ọmọ, tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn nínú wọn, kò bá lè ṣe aláìní ààlà, kí ni a ó wí nípa onílẹ̀ àti àlejò, tí a bí ọ̀kan sí inú igbó dúdú, tí èkejì sì ti inú ọ̀dàn rìn wá?

Abidjan jẹ́ ìlú tí ó dùn ún wò. Omi ọ̀sà yí i ká, afárá so apá kan rẹ̀ mọ́ èkejì, ilé gogoro sì kún àdúgbò Plateau bí ẹni tí ń nà ọwọ́ sí ọ̀run. Ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́ kò ní sọ pé àwọn ilé gogoro náà ni ó sọ ìlú di ńlá. Kòkó ni. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1970 ni ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti gba ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo ilẹ̀ tí ń pèsè kòkó, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kòkó gbogbo ayé ni ó sì ń ti ibẹ̀ jáde, láti èbúté Abidjan àti ti San-Pédro. Ṣokoléètì tí ọmọ kékeré ń jẹ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ní Párísì, ó ṣeé ṣe kí èso rẹ̀ ti kọjá lórí omi ọ̀sà yìí.

Ta ni ó gbin kòkó náà? Ìbéèrè yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ni ó ti dá ogun sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbin nínú rẹ̀. Àwọn Baoulé láti àárín ilẹ̀ náà kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn náà gbin tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ mìíràn ni ó ti òkè ọ̀hún wá, láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí. Àwọn Mossi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ònkàwé wa, nítorí pé àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago ní ilẹ̀ yìí, ní ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ láti kọ́ nínú rẹ̀.

IPÁ NI Ó KỌ́KỌ́ MÚ WỌN WÁ

Inú ọ̀dàn ni ìlú àwọn Mossi wà, níbi tí òjò kì í ti í pọ̀. Ọkà bàbà àti jéró ni oúnjẹ wọn. Ní 1919, ìjọba Faransé sọ agbègbè náà di ilẹ̀ ìṣàkóso kan, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Haute-Volta. Nígbà tí ó di 1932, wọ́n tún tú u ká, wọ́n pín in mọ́ àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká. Apá tí ó tóbi jù, tí Ouagadougou wà nínú rẹ̀, bọ́ sí abẹ́ Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn onílùú léèrè. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwọn òyìnbó tí ó ní oko nínú igbó, àti àwọn tí ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ń wá apá tí yóò ṣiṣẹ́, apá sì pọ̀ ní ilẹ̀ Mossi. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí wọ́n tó dá Haute-Volta padà sí ipò rẹ̀ ní 1947.

Ní àkókò náà, iṣẹ́ àfipáṣe ni òfin. Aṣojú ìjọba yóò ránṣẹ́ sí olórí ìlú pé kí ó mú iye ọkùnrin báyìí wá, olórí ìlú kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ẹni tí wọn kò bá mú fún iṣẹ́ gbọdọ̀ wá owó orí san, kò sì sí ibi tí owó wà bí kò ṣe ní ìsàlẹ̀, ní igbó kọfí àti kòkó. Ọ̀nà ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan dé Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, kò sì dé Ouagadougou títí di 1954. Lórí irin yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Mossi gbà rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìjọba Faransé kò fi mọ sí kíkó alágbàṣe nìkan. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n kó àwọn ìdílé lódindi wá sí agbègbè Bouaflé àti Zuénoula láti tẹ ìletò dó. Orúkọ ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ àwọn ìletò náà: Koudougou, Garango, Tenkodogo, Koupéla. Arìnrìn-àjò tí ó bá gba ọ̀nà Bouaflé kọjá yóò bá orúkọ àwọn ìlú ọ̀dàn pàdé nínú igbó. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀, àti àwọn ọmọ ọmọ wọn, kò mọ ilé mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. A kò fi í tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ ni ó kún igbó láti Gagnoa dé Soubré. Baba àgbà nínú ìdílé yìí kò fẹ́ wá. Wọ́n mú un wá ni. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko òyìnbó, ó padà sí ilé pẹ̀lú aṣọ kan àti ìtàn púpọ̀, ó sì búra pé òun kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà. Ní 1944, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Côte d'Ivoire dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, nítorí pé ìjọba ń pín alágbàṣe fún àwọn òyìnbó, ó sì ń jẹ́ kí oko àwọn ọmọ ilẹ̀ kún fún igbó. Olórí ẹgbẹ́ náà ni Félix Houphouët-Boigny, oníṣègùn, àgbẹ̀ àti olóyè ní Yamoussoukro. Wọ́n dìbò yàn án lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Párísì, òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè sì fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ní 11 oṣù kẹrin, 1946. Láti ọjọ́ náà ni àwọn Mossi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Houphouët pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní 1951, àwọn àgbẹ̀ ńlá dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí yóò máa wá òṣìṣẹ́ ní Haute-Volta, tí yóò sì máa san owó ọkọ̀ ojú irin fún wọn. Baba àgbà tí ó ti búra tẹ́lẹ̀ tún di ẹrù rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò fi okùn fà á. Ebi àti ìrètí ni ó ń tì í.

ÌGÒ ỌTÍ KAN ÀTI ÀKÙKỌ KAN

Iṣẹ́ alágbàṣe ní ìpele tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò ṣe iṣẹ́ ọdún kan gba owó. Bí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, yóò fi oko tí ó ti ń so lé e lọ́wọ́, wọn yóò sì máa pín èso sí ọ̀nà mẹ́ta, kí alágbàṣe mú ìdá kan. Àwọn Akan ní orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yìí, ó sì wà ní Gáná pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo alágbàṣe ń lé kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta. Oko tirẹ̀ ni ó ń lé.

Ọmọ baba àgbà, ẹni tí a ó máa pè ní baba, ni ó rí oko náà. Nígbà tí òmìnira dé ní 7 oṣù kẹjọ, 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Igbó ìlà-oòrùn, ní agbègbè Abengourou àti Dimbokro, ti kún, nítorí náà ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí ilẹ̀ àwọn Bété. Ó dé abúlé kan, ó béèrè fún àgbà tí ó ni igbó, ó gbé ìgò ọtí kan àti àkùkọ kan síwájú rẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Àgbà náà ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn òkú ọ̀run, ó mú un wọ igbó, ó fi ọwọ́ júwe igi ńlá kan àti odò kékeré kan, ó ní láti ibí dé ọ̀hún ni kí ó máa ṣán.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ wo ètò yìí dáadáa. Àgbà náà kò ta ilẹ̀. Nínú èrò tirẹ̀, ọmọ kan ni ó gbà. Àwọn elédè Faransé ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tuteur, àwa yóò pè é ní alágbàtọ́. Ọmọ tí a gbà báyìí gbọdọ̀ rántí alágbàtọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè. Bí òkú bá kú ní ilé alágbàtọ́, ó gbọdọ̀ mú nǹkan dání wá. Bí ọmọ alágbàtọ́ bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó gbọdọ̀ fi owó ràn án lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rí mìíràn ju ọtí tí ilẹ̀ ti mu lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí ní Oǹdó kò ní pe èyí ní nǹkan àjèjì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n gé igi, wọ́n sun ún. Wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí i ní ọdún kìn-ín-ní, kí òjìji wọn lè bo ọmọ kòkó, kí ìdílé sì rí nǹkan jẹ. Kòkó kì í so kí ó tó tó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so títí ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí a gbìn ín yóò fi di baba ọmọ. Baba ránṣẹ́ sí ilé, ìyàwó dé, àbúrò dé, ọmọ àbúrò dé. Wọ́n ń la èso, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ó kí ó lè gbóná kí ó sì dùn, wọ́n ń sá a sí oòrùn. Ní ọdún mẹ́wàá, ibi tí ó jẹ́ igbó ẹkùn ti di ìletò tí ó ní mọ́sálásí kékeré, kànga àti ọjà ọjọ́ márùn-ún.

Bí igbó ti ń rí èyí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, igbó dúdú Côte d'Ivoire tó nǹkan bí mílíọ̀nù 16 hẹ́kítà. Lónìí, èyí tí ó kù kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 3 lọ. A ní láti rántí èyí, nítorí pé nígbà tí igbó bá wà, ààlà kì í dun ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí igbó bá tán ni onílẹ̀ máa ń yíjú padà láti ka ẹsẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ẸNU ÀTI ÒFIN

Ní 1963, Ààrẹ Houphouët-Boigny sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ sórí: ó ní ẹni tí ó bá dáko sí ilẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí tan kálẹ̀ ju ìwé òfin lọ. Àwọn àgbẹ̀ láti ọ̀dàn gbọ́ ọ, wọ́n tú wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún náà kò di òfin tí a kéde títí ayé. Àwọn olóyè àti àwọn onílẹ̀ kọ̀ ọ́. Ààrẹ fi òfin náà sílẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó wà láàyè, tí agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó bí òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀rọ̀ a máa kú, ọ̀rọ̀ a sì di èyí tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí.

Ní ibi yìí, ó yẹ kí á wo ìdàkejì òkun. Ní 20 oṣù karùn-ún, 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tí ó fi 160 éékà ilẹ̀ lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí tí ó bá ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ ìlú, bí ó bá lè gbé orí ilẹ̀ náà, tí ó sì dáko sí i fún ọdún márùn-ún. Lára àwọn tí ó gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ tí ó ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì wá. Àwọn náà sá fún ilẹ̀ tí kò tó. Àwọn náà mú orúkọ ilé dání, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ìlú kan ní Nebraska ní Dannebrog, orúkọ tí í ṣe ti àsíá ilẹ̀ wọn. Ní Elk Horn, ní Iowa, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ará ìlú sílẹ̀ ní 1878, níbi tí ọmọ àgbẹ̀ ti ń kọ́ ìtàn àti èdè baba rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́. Ọmọ ọmọ wọn di ará Amẹ́ríkà láìsí ìjà, nítorí pé ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọmọ ìlú jọ rìn pọ̀.

A kò gbọdọ̀ fi èyí tan ara wa jẹ. Ilẹ̀ tí Lincoln pín kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àwọn Pawnee, àwọn Omaha àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ni ín, wọ́n sì lé wọn sí ìgbèkùn kí àgbẹ̀ òyìnbó tó fi ohun ìtúlẹ̀ kàn án. Òfin tí ó dára fún àlejò lè jẹ́ ìkà fún onílẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé ohun tí Amẹ́ríkà ṣe ni kí Áfíríkà ṣe. Ṣùgbọ́n a lè sọ èyí: ohun tí a bá fẹ́ kí ó dé ọwọ́ ọmọ ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ sí ẹnu.

NÍGBÀ TÍ OWÓ KÒKÓ WÓ

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó kòkó wó lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ààrẹ Houphouët kọ̀ láti ta kòkó ní ọ̀pọ̀. Ó rò pé àwọn oníṣòwò òyìnbó yóò tẹríba. Wọn kò tẹríba. Ní 1989, ìjọba gé owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kílò kan láti 400 fúráǹkì sí 200. Ilé ìfowópamọ́ gbẹ, iṣẹ́ ọ́fíìsì tán ní Abidjan, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó kàwé sì padà sí abúlé láti wá oko. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá àlejò lórí ilẹ̀ baba wọn. Ọmọ alágbàtọ́ kò mọ nǹkankan nípa ìgò ọtí àti àkùkọ ọdún náà lọ́hùn-ún. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni pé oko kòkó àlejò tẹ́ rẹrẹ, òun kò sì ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan.

Houphouët kú ní 7 oṣù kejìlá, 1993. Àwọn àlejò láti àwọn ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ Faransé, tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀, òfin ìdìbò ti 1994 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dìbò mọ́. Ní ìgbà ìṣèjọba Henri Konan Bédié, ọ̀rọ̀ tuntun kan gba ìgboro, èyí tí wọ́n ń pè ní ivoirité. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí á wádìí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1998, nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 26 ni a kọ sílẹ̀ bí àlejò, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì ti Burkina Faso wá. Ní 23 oṣù kejìlá ọdún náà gan-an ni òfin ilẹ̀ oko jáde. Ó ní ọmọ ìlú Côte d'Ivoire àti ìjọba nìkan ni ó lè ni ilẹ̀ oko. Àlejò lè yá a fún ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdílé wa. Baba ti ń darúgbó. Ọmọ rẹ̀, ìran kẹta, ni a bí sí ìletò kòkó. Kò dé Ouagadougou rí. Ó ń sọ Faransé, ó ń gbọ́ Bété, èdè Mossi rẹ̀ kò sì dán mọ́rán. Lójú òfin, àlejò ni. Ní oṣù kọkànlá 1999, ní agbègbè Tabou, ìjà lórí ilẹ̀ di ìtajẹ̀sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Burkina Faso ni ó sá kúrò. Ní 19 oṣù kẹsàn-án, 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ náà sì pín sí méjì. Ìjọba Burkina Faso rán ọkọ̀ láti kó àwọn ènìyàn wọn padà, ètò náà sì ń jẹ́ Bayiri, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Mossi jẹ́ ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sínú igbó dé ilé baba wọn, àwọn ọmọ ilé ń wo ẹnu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní diaspo. Ní igbó, àlejò ni wọ́n. Ní ọ̀dàn, àlejò ni wọ́n. Ìbànújẹ́ kan kò ju èyí lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún padà. Àwọn mìíràn wọ inú igbó ọba, bíi ti Mont Péko, nígbà tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ mọ́, wọ́n gbin kòkó síbẹ̀. Ìjọba lé wọn jáde ní 2016. Ìjọba kò jókòó lásán náà. Òfin kan ní oṣù kẹsàn-án 2013 ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ó ti ń gbé ilẹ̀ náà kí òmìnira tó dé, àti fún àwọn kan tí a bí síbẹ̀ títí di 1973, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n lè kéde ara wọn ní ọmọ ìlú. Ní 2016, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa wọn ilẹ̀ oko, tí yóò sì máa fún onílẹ̀ ní ìwé. Iṣẹ́ yìí ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé wíwọn ilẹ̀ ń gba owó, ó sì ń jí ìjà tí ó ti sùn.

OHÙN ONÍLẸ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlejò nìkan ni a ń gbèjà. Onílẹ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Igbó tí baba rẹ̀ ń ṣọdẹ nínú rẹ̀ ti di oko ẹlòmíràn. Ààrẹ tí kò bi í léèrè ni ó pín ilẹ̀ rẹ̀ láti ìlú ńlá. Ó gba ìgò ọtí, ó rò pé òun gba ọmọ, àlejò sì rò pé òun ra ilẹ̀. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni kò yé wọn bákan náà. Ìjọba tí ó yẹ kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn ń jẹ owó orí kòkó, ó sì dákẹ́.

Ẹ wo bí nǹkan ti rí lẹ́yìn náà. Ní 2024, owó kòkó fò sókè ní ọjà àgbáyé ju bí ó ti wà rí lọ. Owó tí ìjọba Côte d'Ivoire ní kí wọ́n san fún àgbẹ̀ di 1,800 fúráǹkì lórí kílò kan ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sì di 2,800 ní oṣù kẹwàá 2025. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó ńlá lórí ilẹ̀ tí kò ní ààlà ni a ń bẹ̀rù. Bí owó bá wó, ọmọ onílẹ̀ a ní ebi ń pa òun nítorí àlejò. Bí owó bá gòkè, a ní àlejò ń jẹ ọrọ̀ òun. Ààlà nìkan ni ó lè pa ẹnu méjèèjì dé.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Bóyá ẹnì kan nínú àwọn ònkàwé wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Mossi kò kan òun. Ó kàn án. Ẹ lọ sí Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, nítorí pé ilé kan kò sí níbẹ̀ tí kò ní ènìyàn ní Abidjan. Ọkọ̀ ń ti Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, ó ń gba Benin, Tógò àti Gáná kọjá. Òwò ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe ju oko lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó ń dúró de ọmọ ọmọ wọn: níbo ni ilé?

Àwa pẹ̀lú ti mọ bí ó ti ń dùn ni. Ní oṣù kẹwàá 1958, ní ìlú Abidjan yìí kan náà, wọ́n dojú ìjà kọ àwọn ará Dàhòmì àti Tógò, wọ́n lé wọn lọ. Ní 18 oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Gáná fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn Yorùbá tí ó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà pẹ̀lú ẹrù orí wọn. Àwa náà kò sì mọ́: ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà lé èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde, àwọn ará Gáná ni ó sì pọ̀ jù. Ní ilé wa gan-an, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Odùduwà kan náà, ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ láàárín 1997 àti 2000, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ sì wà nínú ohun tí ó dá a sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Èkíní, ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láti dáko, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: ṣé ó tà á ni, ṣé ó yá a ni, ṣé títí dìgbà wo. Ìwé kò ba ìfẹ́ jẹ́. Àìsí ìwé ni ó ń bà á jẹ́. Èkejì, ìlú tí ó bá gba iṣẹ́ ọwọ́ àlejò fún ìran mẹ́ta kò gbọdọ̀ máa pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ẹni àná. Ó yẹ kí òfin fi ojú ọ̀nà hàn án, kí ó mọ ọjọ́ tí òun yóò di ọmọ ilé. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ tí ó wà níwájú yín ní kíláàsì, bí baba rẹ̀ bá ti òkèèrè wá, ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn baba rẹ̀ létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn igbó baba tirẹ̀. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ní Elk Horn mọ̀ pé ọmọ tí ó bá mọ ibi tí ó ti wá kì í bẹ̀rù ibi tí ó wà.

Ní ìletò kòkó wa, ìran kẹrin ti ń lọ sí ilé ìwé. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé, orúkọ Mossi ni, lórí ilẹ̀ Bété, ní èdè Faransé. Kò mọ̀ pé wọ́n fi okùn fa baba baba àgbà rẹ̀ wá. Kò mọ ìgò ọtí náà. Ohun tí ó mọ̀ ni igi kòkó tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí ó ń gùn nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá sí nítòsí. Ẹni tí yóò bá sọ fún un ní ọjọ́ kan pé igi náà kì í ṣe tirẹ̀, kí ó wá ìdáhùn sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́.